Bí A Ṣe Lọ Tọrọ Àṣẹ Eré Mọ́tò ní Mákùn-Omi

Ìdájí Sátidé ni mo jáde nílé wa ní Òkè-Sopen, kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, n kì í sì í sábà kúrò nílé lọ́jọ́ Sátidé, torí ọjọ́ náà làwọn oníbàárà máa ń wá wo bẹ́ẹ̀dì wọn, tí wọ́n á máa fi ìka kàn án bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni ọlọ́kadà gbà lọ́wọ́ mi dé Àgọ́-Ìwòyè. Òtútù mú mi débi pé mi ò lè bá a ná an.

Mofẹ́, ọmọ mi obìnrin, ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì ilé tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Mọ́tò tó jókòó sínú rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀ àtijọ́ kan tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, tí wọ́n fi bátìrì ńláńlá rọ́pò rẹ̀. Ó ṣíná, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi í pé ṣé ó ti kú ni.

Ó ní, "Dádì, a ti ń lọ." Mo wo ìta, lóòótọ́, géètì ti wà lẹ́yìn wa.

Ohun tó gbé wa jáde nìyí. Àwọn kan ń gbèrò ìdíje eré mọ́tò oníná láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò tíì ní ọjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń yan awakọ̀, Mofẹ́ sì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn. Ọjọ́ Ajé ni yóò fèsì, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wá láìgba àṣẹ ilé rẹ̀. Èmi ni bàbá rẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, nílé wa sì rèé, ẹni tó tọ́ ọmọ ló ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìyá Dáre ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n mi, Mákùn-Omi létí omi ló sì ń gbé. Dáre nìkan ló bí, eré mọ́tò ló sì pa á lọ́nà Ìbíadé. Láti ìgbà náà ni kò ti gba ọ̀nà yẹn mọ́. Tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Òun ni a wá ń lọ bẹ̀ pé kó jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un lọ máa fi mọ́tò sáré. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

A gba Òrù, a gba Awà, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́nà Benin, àwọn tírélà ń kọjá, wọ́n ń gbọn wá jìgìjìgì. Ìgbà tí a yà sọ́nà Waterside, èyí tó gba Ìbíadé kọjá, ni ara mi tó balẹ̀ díẹ̀. Títì dára níbì kan, ó jẹrà níbòmíràn, Mofẹ́ sì ń rọra yí kòtò po. Mo bi í pé níbo gan-an ni eré wọn ń lọ. Ó ní sákíìtì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ọ̀nà tó yípo, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tó sì parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ó wá sáré tán, ẹ ò ní dé ibì kankan?"

"A ò ní dé ibì kankan, Dádì."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ ìyẹn fún Ìyá Dáre.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, pákó ló máa ń fẹ̀yìn ti ògiri. Ní Mákùn-Omi, àjẹ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹja obòkún yíyan tó gùn tó apá mi, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Nílé wa, ẹni tó bá fi iye yẹn ná an, wọ́n á ní kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn ilé, kò mọ̀ pé a ti dé títí mo fi dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Mẹẹ̀ gbọ́ ìró yín rárá." Ó wá lọ fọwọ́ kan iwájú mọ́tò náà, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò.

Ó fi ìkọ́kọrẹ́ gbà wá lálejò. Bí a ṣe ń jẹun ni mo ń rojọ́, òun sì ń bù sí i fún wa. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì fóònù fáwọn èèyàn ló bá wa ṣáájì mọ́tò, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Ó ní mọ́tò tí a ní kì í mu epo ti mu gbogbo epo òun tán. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dìde láti máa lọ, ó wé gèlè, ó ní, "Ẹ gbé mi dé ọ̀nà Ìbíadé."

A kọjá kọ́nà kan, ó ní ká dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. "Agbégilódò ló bàjẹ́ síbí," ló wí. "Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ, ọ́ gé ewé sójú títì." Gbogbo wa la mọ ewé yẹn: tí mọ́tò bá bàjẹ́ lọ́nà, ẹ̀ka igi ni wọ́n máa ń tò sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. "Dáre rí ewé yẹn. Àpá bíréèkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Eré tó ń sá ni kò jẹ́ kó lè dúró."

Ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi nínú igbó, ó tò ó sójú títì. Ó rìn síwájú, ó sì dúró láàárín ọ̀nà.

"Mofẹ́, padà sẹ́yìn kọ́nà yẹn. Sáré bọ̀ bó o ṣe máa sáré lọ́hùn-ún. Tó o bá rí ewé, dúró. Kí n rí i."

"Àǹtí mi, ẹ kúrò lójú títì," ni mo wí.

"Kúnlé, ibi tí agbégilódò dúró sí ni mo dúró sí."

Mo fà á lọ́wọ́, ó já a gbà. Ni mo bá dúró tì í. Mofẹ́ fi mọ́tò náà rìn sẹ́yìn títí ó fi wọ kọ́nà lọ. Ká ní mọ́tò elépo ni, à bá gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Kò sí ìró kankan, àfi ti ẹyẹ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbéra tàbí kò tíì gbéra.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló yọ. Ó dúró kó tó kan ewé àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó gbogbo ewé náà kúrò lójú títì, ó dà á sígbó. Ó wá kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà.

"Mọ̀mí, ẹ má bínú. Mi ò lè sáré lọ́nà tí èèyàn dúró sí. Lọ́hùn-ún, wọn ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo títì náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọmọ náà.

"Lọ," ló wí. "Níbi tí ẹnikẹ́ni ò dúró sí, sáré bó bá ṣe wù ọ́. Olúwa á máa mú ọ padà wá bá mi."

Mo rò pé yóò ní ká gbé òun padà sílé. Iwájú mọ́tò ló wọ̀, ó ní ká máa lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí a ṣe ń súnmọ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní kí Mofẹ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kílẹ̀ má ṣú bá wa lọ́nà.

Ìdíje ọ̀hún lè wáyé, ó sì lè má wáyé, èrò ṣì ni. Àmọ́ mo kẹ́kọ̀ọ́ kan. Èmi rò pé àwa nìkan la ní ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí a lọ bẹ̀ náà ti ń wá ẹni tí yóò mú òun kọjá níbẹ̀, kò kàn rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún ni.

Àwọn ará ilé jáde wá kí i nígbà tí a dé. Ìyàwó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa sọ pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ṣé ọkọ̀ ojú omi náà ò fì jù?"

"Mẹẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi," ni Ìyá Dáre wí. "Ọ̀nà Ìbíadé ni mo gbà. Ọmọ mi ló gbé mi wá."