Ohùn Ọ̀sán Gangan

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn òbí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wa dé Bouaké láti Gánà, òfin kan wà nínú agboolé wa ní Belleville: bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọ̀sán gangan, má dáhùn títí o ó fi rí ojú ẹni tó pè ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí ọjọ́ tí ìyá kan tó ń ta abọ́ nínú ilé wa dáhùn.

Èmi ni mo jókòó tì í. Ohùn kan pè é lẹ́nu géètì. Ó ní, "Mo ń bọ̀ o," ó sì jáde. Kò bá ẹnikẹ́ni. Ó padà wọlé, ó jókòó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí a bá pè é kó wá jẹun, á ní, "Mo ń bọ̀." Kò ní dìde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọdún gorí ọdún. Nígbà ìbò tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń wá ipò depité, ìyẹn aṣòfin, wá kí wa lọ́sàn-án. Ẹ̀yìn géètì ló ti ní, "Ẹ kú ilé o, màmá," Yorùbá tó já gaara, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Inú mi dùn débi pé mo ti dáhùn kí n tó rántí òfin. Èmi kò lè dìbò, káàdì àlejò ni tèmi. Ṣùgbọ́n àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, ọmọ ibí ni, ó ní ìwé ọmọ onílùú. Mo ní kó bá a ṣiṣẹ́. Ló bá ró aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n tẹ ojú ọkùnrin náà sí, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé títí dé àdúgbò Ahougnansou, ó ń pín aṣọ náà, ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Àwọn ènìyàn dìbò nítorí ẹgbẹ́, àti nítorí ọmọ mi.

Ọkùnrin náà wọlé tán, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn alátakò tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bú. Ọmọ mi pè é lórí fóònù. Ó ní, "Mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé fún yín." Kò wá.

Àwọn aládùúgbò kò jà. Ìbá sàn kí wọ́n jà. Lọ́sàn-án, bí ọmọ mi bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta abọ́ oníke kó lè sinmi, wọn á ká aṣọ ẹgbẹ́ náà, wọn á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọn á lọ láì kí i. Òun náà ń kó wọn wọlé. Aṣọ ti kún ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bí wọ́n ṣe ká wọn, ojú kan ṣoṣo ló ń yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ènìyàn. Mo ní kó kó wọn dànù. Ó ní ó di ìgbà tí ọkùnrin náà bá dé.

Ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ohun tó ń peni lọ́sàn-án kò lójú, ìdí nìyẹn tí a fi ń sá fún un. Èyí lójú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri, ó sì mọ bí a ṣe ń kí ara wa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀, orí ọmọ sì wọ́. Ẹ̀bi mi ni, ó sì ń dùn mí.

Lọ́sàn-án òní mo gbé fùtù, iyán ibí, kalẹ̀, mo pe ọmọ mi kó wá jẹun. Ó jókòó láàárín àwọn aṣọ náà, kò yíjú.

"Mo ń bọ̀, màmá."

Ọbẹ̀ ti tutù, mo ṣì ń dúró.