Mùúsù Lára Òpó Iyèré

Ọ̀bẹ ìdáná kì í gé mùúsù ibùsùn dáadáa. Bí ẹ bá tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọn, á kàn tẹ̀ wọlé ni, tí ẹ bá sì gbé ọwọ́ kúrò, á tún wú padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Mo kúnlẹ̀ sórí ibùsùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Bantè, màmá mi ti lọ sọ́jà, mo ń fa ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn, ẹ̀rún mùúsù pupa rúsúrúsú ń lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo mọ̀ dájú pé wọ́n máa nà mí, síbẹ̀ mo ń gé e lọ, nítorí pé ìtàkùn bàbá àgbà tó wà nílé kejì sí tiwa ń kú lọ.

Bàbá náà kì í ṣe ẹbí wa. Ibùsùn olówùú ni wọ́n ń rán. Wọ́n á ki òwú àràbà sínú aṣọ líle, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ kan tó gùn tó apá mi rán an já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, igi tí wọ́n fi ń na òwú ló máa ń jí mi: pàù, pàù, pàù. Òwú á fò kọjá ògiri, á bà sínú ẹ̀kọ tí màmá mi ń rò, màmá mi á sì bú bàbá lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí bàbá má baà gbọ́. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ràn àgbàlá yẹn ju tiwa lọ. Ó ń rùn bí òwú tí oòrùn sá, ó sì ń rùn bí iyèré.

Ìyàwó bàbá ló gbin iyèré náà. Ọmọ Mahi ni màmá yẹn, láti ìhà Savalou, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti gé ìtàkùn náà lọ́dún tó wọlé ọkọ. Ó gbìn ín sí ìdí igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ. Màmá náà ti kú kí n tó gbọ́n. Bàbá ló ń ká èso rẹ̀, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń gún un sínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń dá sè. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí kò bá ní iyèré yẹn nínú, bí ẹni ń jẹun nílé onílé ló rí lẹ́nu àwọn.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ìjì wó igi ọsàn náà. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ìtàkùn bá a ṣubú, ó dojú bolẹ̀. Bàbá gé igi ayin kan, wọ́n fi iná jó ìdí rẹ̀ kí ikán má baà jẹ òun náà, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì so ìtàkùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iyèré kì í ṣe iṣu. Iṣu á lọ́ mọ́ igi fúnra rẹ̀. Gbòǹgbò wínníwínní tó ń yọ lára iyèré ló fi ń di nǹkan mú, òpó ayin yẹn sì gbẹ, ó ń dán. Gbòǹgbò ò rí ibi dì mú, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Olùkọ́ ni bàbá mi, Faransé ni wọ́n sì fi ń pe ohunkóhun tí wọ́n bá kà nínú ìwé. Wọ́n yọjú lórí ògiri, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Lọ sọ fún bàbá pé kí wọ́n fi mùúsù wé òpó yẹn, kí wọ́n máa bomi rin ín. Á dì í mú."

Mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Bàbá mi ní kí ẹ fi mùúsù wé òpó yín."

Igi tí wọ́n fi ń na òwú dúró lókè lọ́wọ́ bàbá. Mùúsù kan ṣoṣo lèmi àti bàbá àgbà mọ̀: èyí tí ọkọ̀ ń rù wá láti Kútọnu, tí gbogbo ayé wá ń sùn lé. Láti ìgbà tó ti dé, ẹni tó ń wá rán ibùsùn olówùú ò pọ̀ mọ́.

"Mùúsù?" ni wọ́n ní. "Nínú ilé tèmi? Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún fẹ́ gba ìtàkùn ìyàwó mi. Sọ fún bàbá rẹ pé mo kí i."

Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá wọn lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ewé tó ti rọ náà. Wọ́n ń fi èdè Mahi bá a sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ èdè yẹn lẹ́nu wọn rí. Àánú wọn ṣe mí. Mo yíjú padà, mo lọ mú ọ̀bẹ.

Ìgbà tí wọ́n lọ kí ìrun àlàásàrì ni mo gbé mùúsù mi lọ. Mo fi okùn dì í mọ́ òpó, mo da omi lé e, mo sì so ìtàkùn mọ́ ọn pinpin bí ẹni ń di ẹrù ọjà. Bàbá bá mi níbẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lábẹ́ mi, bàbá. Ibùsùn mi ni mo gé."

"Kí ni ìwọ wá máa sùn lé?"

Mi ò tíì ro ìyẹn. Mo bú sẹ́kún.

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ bá bàbá mi. "Olùkọ́, wo ohun tí ọmọ rẹ ṣe nítorí ọ̀rọ̀ tìrẹ."

Bàbá mi wo ẹ̀rún mùúsù tó wà lórí mi, wọ́n di orí mú. "Yéè! Bàbá, kì í ṣe mùúsù ibùsùn ni mo wí! Ewéko tútù tó máa ń bo àpáta lásìkò òjò ni. Mùúsù náà ni àwọn Faransé ń pè é."

Bàbá àgbà yọ ẹ̀rún mùúsù kan lórí mi, wọ́n wò ó. "Àwọn Faransé yìí," ni wọ́n ní, "ṣé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn ni?"

Màmá mi nà mí bí mo ṣe rò, mo sì sun orí ẹní. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi fi alùpùpù gbé èmi àti bàbá lọ sí ibi àpáta kan lọ́nà Atokoligbé. A fi ìka ṣí ewéko náà bí ẹni ń bó èèpo iṣu sísè, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nígbà tí a délé, bàbá fi àpò oníhò tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà wé e mọ́ òpó, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ibùsùn rán an yípo. Wọ́n tú kókó tí mo ta.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n pè mí, bí àwọn bàbá àgbà ṣe ń pe ọmọbìnrin kékeré, "ṣé o fẹ́ pa á ni? So ó bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Kó má jábọ́, kó sì lè mí."

Láti ọjọ́ yẹn, omi tó bá kù nínú kẹ́tù àlùwàlá wọn, orí òpó ni wọ́n ń dà á sí, ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Kò pẹ́, wọ́n pè mí láti orí ògiri: "Wá wò ó! Ó ti na ọwọ́!" Gbòǹgbò funfun ti wọ inú ewéko náà. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé ibùsùn olówùú kan wá fún mi, wọ́n ní ìyàwó àwọn kì í sun orí ilẹ̀.

Savalou ni mò ń gbé báyìí, ọmọ ìtàkùn yẹn tí mo gé wá sì ti gun òpó mẹ́ta nílé mi. Bí mo bá fẹ́ so ó, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ fà á le, n óò tún dẹ̀ ẹ́. Orí tìmùtìmù kékeré kan ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ń rán àpò mọ́ òpó. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ wọn rí i lórí àpótí tí wọ́n fi ń jókòó ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé e fún mi bí ohun ìrántí, láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ líle ni wọ́n fi bò ó, ojú abẹ́rẹ́ bàbá ni, mo mọ̀ ọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé ó fúyẹ́ ju èyí tí wọ́n fi òwú ṣe lọ. Mo tú igun rẹ̀ kan wò. Mùúsù mi ló wà níbẹ̀, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ rí wúruwùru níbi tí ọ̀bẹ ìdáná ti fà á ya.