Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Kúnlẹ̀ Lórí Pápá

Ìyá àgbà tó bí màmá mi ló tọ́ mi ní Ilare, ní Ifẹ̀. Òfin kan wà nílé wa tí kò ní àwáwí: bí àgbà bá pè ọ́, orúnkún ni kó o fi jẹ́ ẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mò ń gbá ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọdébìnrin Nàìjíríà. À ń du ààyè ilẹ̀ Áfíríkà nínú ife àgbáyé: a ó gbá ọ̀kan nílé, a ó gbá èkejì nílẹ̀ àwọn tá a jọ ń du ú. A ti borí nílé pẹ̀lú góòlù kan. Ọ̀mì péré la nílò lọ́hùn-ún.

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré ọ̀hún parí, kò tíì sí góòlù, mo gbá ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ dípò bọ́ọ̀lù. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní kí n wá. Obìnrin ni, ó tó bí mi lọ́mọ. Mo sáré débẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

Faransé lobìnrin náà ń sọ. Ó rí mi nílẹ̀, ó rò pé orúnkún ló ń dùn mí, ló bá juwọ́ sí àwọn oníṣègùn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé àpótí oògùn wọlé. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe mí, mo tiẹ̀ ń fò sókè kí wọ́n lè rí i. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí oníṣègùn bá ti wọlé tọ agbábọ́ọ̀lù, àfi kó kọ́kọ́ jáde kí eré tó tẹ̀síwájú.

Ẹ̀gbẹ́ ìlà ni mo dúró sí tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fún wọn torí ẹ̀ṣẹ̀ mi wá síwájú àwọ̀n wa. Ọmọ gíga tí mò ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dá dúró gbagidi, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ó forí kàn án, ó wọlé. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan, a gbá pẹ́nátì, wọ́n borí wa.

Kóòṣì wa ò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Láti inú bàálù títí dé inú mọ́tò tó gbé mi wá sí Ifẹ̀, Ìyá àgbà ni mò ń bá jà lọ́kàn. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: ẹ̀kọ́ yín ló lé wa kúrò nínú ife àgbáyé, mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyá àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá iwájú, ẹni tí wọ́n fi fóònù rẹ̀ wo eré náà. Kí n tó rántí ìjà mi, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

“Káàbọ̀, ìyá mi,” ni Ìyá àgbà wí. “Mo rí ọ o! Gbogbo wọn ń sáré kiri, kò sẹ́ni tó rántí kí àgbà níbẹ̀ àfi ìwọ. Mo ti ròyìn ẹ fún gbogbo agboolé.”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà wolẹ̀. Òun mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ náà fà.

“Ṣé obìnrin náà sì dá ọ lóhùn?” Ìyá àgbà bi mí.

Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé omi lé sí mi lójú. 

“Ó dáhùn, mà. Ó ní kí wọ́n wá gbé mi dìde.”

“O ò rí i?” Ìyá àgbà kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́ náà. “Ilé ire lòun náà ti wá.”