Sípíkà Àtijọ́ Nínú Ilé Wa

Bí mo bá rí ẹni tó gbé etí lé sípíkà, bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìlódè ni mo máa ń rántí. Wọn kì í gbà pé nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n á fi ìka lù ú pẹ́pẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi."

Nígbà tí ojú màmá mi fọ́, wọn kò jáde ní yàrá mọ́. Mo bẹ bàbá náà pé kí wọ́n bá mi fi sípíkà àtijọ́ kan síbẹ̀, kí màmá lè máa gbọ́ rédíò.

Bàbá náà mi orí. "Ọmọ mi, tí ohùn bá bá wọn nídìí ibùsùn, kí ni wọ́n á dìde wá lọ?"

Wọ́n fa wáyà láti ara rédíò tó wà ní pálọ̀, wọ́n gbé sípíkà kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé òmíràn sí ilé ìdáná. Wọn kò fi nǹkan kan sí yàrá màmá. Inú bí mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mò ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Màmá ló ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀, tí wọ́n ń tẹ̀lé ohùn rédíò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà ní Ìlódè.

"Ṣé wọ́n dé ilé ìdáná?" ni bàbá bi mí.

"Wọ́n dé o, sà. Wọ́n ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.