Orí Ewúrẹ́ Tí Nọ́ọ̀sì Dùnmínínú Ń Rà

Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, tó máa ń fi rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn sínú orí ewúrẹ́ títí orí náà yóò fi ké mẹ̀ẹ́ẹ̀. Ẹnìkan búra pé òun fetí ara òun gbọ́ ọ. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ọjà Ọba, ewúrẹ́ ti lajú, ó ti béèrè ìyókù ara rẹ̀, ó sì ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìyìn. Irọ́ náà sanra débi pé bí ó bá fìdí lé Òkè Àyọ̀bá, òkè náà á rì.

Ṣùgbọ́n orí ewúrẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Rọ́bà náà wà níbẹ̀.

Dùnmínínú ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún aláìsàn lóorun kí dókítà tó fi abẹ kàn án. Oorun yẹn kì í ṣe irú èyí tí à ń sùn tí à ń hanrun. Ẹni tó bá sùn ún kò lè mí fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni yóò ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀nà méjì ló sì wà nínú ọ̀fun, wọ́n fara ti ara wọn bí ọkọ àti ìyàwó tó ń bára wọn yodì: ti èémí wà níwájú, ti oúnjẹ wà lẹ́yìn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀níkẹ́ sùn lábẹ́ ọwọ́ Dùnmínínú, kò sì jí mọ́. Ìwé ilé ìwòsàn ní ó ti jẹun kó tó wọlé, pé oúnjẹ náà ló padà sókè tó dí i léèémí. Ta ló wá fún un lóúnjẹ? Gbogbo ojú yí sí ìyá rẹ̀, tó ń ta ewé mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn alápatà. Àwọn àna ìyá náà kò jẹ́ kó débi sàréè. Àwọn tí kò rí Ayọ̀níkẹ́ rí láyé ń ṣàpèjúwe ẹ̀kọ tó mu. Àkàrà tí Adó fi sí ọmọ náà lẹ́nu lẹ́yìn ikú tó bọ́ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Ìyá kò jà. Ó ti fún ọmọ rẹ̀ lómi ìdérí kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì gbà pé omi yẹn ló pa á.

Dùnmínínú mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Ọ̀dọ̀ Nọ́fíù alápatà ló gbà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, orí ewúrẹ́ ni mo fẹ́. Ẹ má là á, ẹ má sun ún níná. Kí gògóngò wà lára rẹ̀."

"Gògóngò kẹ̀? Àǹtí Nọ́ọ̀sì, irú ọbẹ̀ wo nìyẹn?" Nọ́fíù rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Àwa Mùsùlùmí, ìsàlẹ̀ gògóngò lọ̀bẹ wa ń gbà. Odidi ló ń bá orí lọ."

Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, á ká aṣọ sábẹ́ orí ewúrẹ́, á fi irin oníná tí wọ́n fi ń wo inú ọ̀fun gbá ahọ́n sápá òsì, á gbé e sókè láì fi ti eyín, títí yóò fi rí awẹ́ funfun méjì tó dà bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí díẹ̀. Àárín wọn ni rọ́bà ń gbà. Bí ó bá fẹ́ ẹ, tí atẹ́gùn bá jáde níbi tí ọ̀bẹ gé, ó yege. Nígbà mìíràn atẹ́gùn á fipá gba àárín awẹ́ náà padà, orí ewúrẹ́ á sì dún. Aládùúgbò ló gbọ́ ìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Nọ́fíù tún bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, ewúrẹ́ ọjọ́sí ti mọ kéwú kà?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń ra ẹran gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ ni, kí ìyá kan má tún fi ẹ̀kọ pa ọmọ mọ́ ọn lọ́wọ́." Ó ṣẹ́jú sí ọ̀dọ̀ eléwé.

Ìyá Ayọ̀níkẹ́ tẹrí ba, ó ń nu ewé tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Dùnmínínú gbé orí ewúrẹ́ kalẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, nínú omi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba ibẹ̀.

"Màmá, èmi ni nọ́ọ̀sì tó fún Ayọ̀níkẹ́ lóorun."

"Mo mọ̀ ọ́, ọmọ mi. Má bínú sí mi. Omi díẹ̀ ni mo fún un."

"Ẹ má bẹ̀ mí, Màmá!" Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́. "Kò jẹ nǹkan kan. Omi ìdérí kan kò pa á. Ọ̀nà oúnjẹ ni rọ́bà mi wọ̀. Mo yọ ọ́, mo tún tì í, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí ojú ń tì mí láti sọ pé apá mi ò ká a. Irú rọ́bà kan wà nínú àpótí lẹ́yìn mi tí kì í wọnú rárá, tó kàn ń jókòó bo ẹnu ọ̀nà èémí. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. N kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ó jẹun, mo kà á, mo sì fọwọ́ sí i. Èmi ni, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin."