Odó Òfìfo Nígbà Lẹ́ńtì

Ìyá ọkọ mi gún odó òfìfo lónìí, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti sún mọ́ mi.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi, tíṣà ilé ìwé míṣọ̀n, ti fi iyán sílẹ̀. Iyán o, ní Adó níbí! Bí mo bá ń gbàdúrà, ẹnu mi á máa pe Ọlọ́run, ọkàn mi á wà lọ́dọ̀ iyán.

Nírọ̀lẹ́ òní, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ ni mo gbọ́ odó lẹ́yìnkùlé: gbì, gbì, gbì. Inú bí mi. Mo sáré jáde.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a ń gbààwẹ̀!"

Ìyá ọkọ mi, tó ti Ìjàn dé lánàá, ò dáwọ́ dúró. Mo yọjú wo inú odó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ ń gbààwẹ̀," ni wọ́n wí. "Àárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín lọ̀rọ̀ yẹn wà. Ṣé kí aráàdúgbò wá máa sọ pé ebi ń pa ulé ọmọ mi ni? Padà sídìí àdúrà rẹ."

Mo padà. Odó ń dún jẹ́jẹ́, èémí mi ń bá a lọ, títí ó fi dà bíi pé Ẹnìkan wá jókòó tì mí lórí ẹní. N ò bèèrè nǹkan kan. Ó kàn jókòó.

Nígbà tí Ìyá sinmi, mo gbọ́ odó nílé kejì. Lẹ́yìn náà, ní òdìkejì ọ̀nà. Ilé onígbàgbọ́ sì ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Òkè-Ìlá, ẹ dákun, kí ló wà nínú odó tiyín?