Mo kúnlẹ̀ kí mọ́tò ní Àrámọ̀kọ

Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: mo kúnlẹ̀ kí mọ́tò lónìí.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni tí mo bá nílé. Mo sì bá ògbólógbòó mọ́tò ọkọ mi níbẹ̀. Ni mo bá ń pè é ní ìyáálé mi, nínú ọkàn mi o.

Láàárọ̀ yìí, à ń lọ kí màámi ní Ìpótì, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìgbéyàwó. A dé Àrámọ̀kọ, iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú ọkọ mi. Ọkọ mi yára pa mọ́tò.

"Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ni, ilé la ó padà sí."

Omijé dé ojú mi.

Ọkọ mi pe mẹkáníìkì kan nítòsí. Ó wọn ọ́ìlì: ó kún. Ó tú sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì tó ń tan iná náà, ó de géèjì tirẹ̀ tó fi ń wọn agbára ọ́ìlì síbẹ̀, ó ní kí ọkọ mi sítáàtì. Abẹ́rẹ́ géèjì gòkè, ó dúró.

"Ọ́ìlì ń lọ dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń parọ́ mọ́ ọn. Màá pààrọ̀ rẹ̀."

N kò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ kú ewu o!"

Mẹkáníìkì wo ọkọ mi. "Bọ̀dá, ìyàwó méjì lẹ fẹ́?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. "Ìyàwó kékeré, wọlé. Ìyáálé rẹ ní òun náà fẹ́ mọ ìyá rẹ."

Ọ̀dọ̀ màámi ni mo wà báyìí. Ẹ̀yin ìyàwó, ta ló tún ń kí mọ́tò ọkọ rẹ̀? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan o.